Iṣẹ́ Báńkì Bọ́ Lọ́wọ́ Mi, Mo Di Alájọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya máa ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Òun ni ọ̀rọ̀ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá dí ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn ti ń gbà fún ọdún mẹ́rìnlá mọ́ ọn lójú, ọjọ́ náà ni yóò mọ̀ pé ó rọrùn láti pa òwe náà ju kí a fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà kejì kàn lọ.

Èmi náà fi ẹsẹ̀ wá a. Bí mo ṣe wá a tí mo sì rí i ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe láti fi yin ara mi, bí kò ṣe kí ẹni tí ọ̀ràn náà bá lónìí lè rí ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ óò rántí pé ní oṣù Keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa nígbà náà, kéde pé báńkì tí ó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 25 náírà gẹ́gẹ́ bí owó ìpìlẹ̀. Bílíọ̀nù 2 náírà ni òfin ń béèrè tẹ́lẹ̀. Ó fún wọn títí di ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2005. Báńkì 89 ni ó wà nílẹ̀ wa nígbà tí ìkéde náà jáde. Nígbà tí ọjọ́ pé, 25 péré ni ó kù. Àwọn kan para pọ̀ di ọ̀kan, àwọn ńlá gbé àwọn kéékèèké mì, àwọn tí kò sì rí ẹni bá para pọ̀ pàdánù ìwé àṣẹ wọn. Èmi kò sọ pé ètò náà kò ní ìdí tirẹ̀, nítorí báńkì tí kò lówó lọ́wọ́ jẹ́ ewu fún ẹni tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì mẹ́ta bá di ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní ìlú kan náà, akọ̀wé mẹ́ta kò lè jókòó sórí àga kan.

Báyìí ni lẹ́tà ṣe dé bá mi ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà náà. Mo ní ọmọ mẹ́ta, ìyàwó mi sì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù mi jẹ́ 38,000 náírà. Owó tí wọ́n fi dágbére fún mi jẹ́ 380,000 náírà, èyí tí í ṣe owó oṣù mẹ́wàá. Mo ṣe ìṣirò náà lórí ẹ̀yìn àpòòwé tí wọ́n fi lẹ́tà sí kí n tó kúrò lórí àga mi.

Kì í ṣe èmi ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí nínú ẹbí wa. Ní ọdún 1975, lábẹ́ ìjọba Murtala Mohammed, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lé ní 10,000 ni a yọ lẹ́nu iṣẹ́ láàrin oṣù mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà nínú wọn. Ọmọ kékeré ni mí, ṣùgbọ́n mo rántí rẹ̀ dáadáa. Láràárọ̀ ni bàbá náà máa ń wẹ̀, tí yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí yóò sì jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Ó ń retí lẹ́tà tí yóò pè é padà. Lẹ́tà náà kò dé. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi jókòó bẹ́ẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ìyà oúnjẹ kò jẹ ẹ́, nítorí àwọn ìyàwó rẹ̀ ń tajà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fún un lówó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí ojú rẹ̀ mọ̀ pé ohun kan ti kú nínú ilé náà ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà tèmi dé, ẹ̀rù ebi kọ́ ni ó kọ́kọ́ bà mí. Ẹ̀rù àga tí ó wà níwájú ilé ni ó bà mí.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí ìmọ̀ràn fi kún ilé wa fọ́fọ́. Gbogbo ẹni tí ó wá kí mi ni ó ní iṣẹ́ kan lápò tí ó ti gbé wá fún mi. Ọ̀kan ní kí n gbẹ́ kòtò ẹja àrọ̀, pé láàrin oṣù mẹ́fà owó mi yóò di ìlọ́po méjì. Òmíràn ní kí n ra ọ̀kadà kí n fi lé àwọn ọmọkùnrin lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ní kí n lọ fojú han olóṣèlú kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, obìnrin tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀, fà mí sún mọ́ra ó ní, "Ọmọ mi, bí a kò bá rí àdán, òòbẹ̀ ni à ń fi ṣẹbọ." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi nínú. Mo wí nínú ara mi pé bí mo bá fi òòbẹ̀ bẹ̀rẹ̀, títí ayé ni n óò máa wo ojú ọ̀run bóyá àdán yóò fò kọjá.

Mo wá mú ìwé kan, mo fa ìlà sí i lọ́nà mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, mo kọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń wá bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ rẹ̀, yálà wọ́n sanwó tàbí wọn kò sanwó. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ iṣẹ́ tí mo lè ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí n kò ní máa wo aago. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo kọ iye owó tí mo lè pàdánù tí ilé mi kò ní dà wó. Nígbà tí mo kọ wọ́n tán, ẹja kò sí níbẹ̀, ọ̀kadà kò sì sí níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni ìṣirò, ìwé kíkọ, àti sùúrù pẹ̀lú àwọn oníṣòwò. Ní báńkì, àwọn obìnrin ọjà máa ń fo akọ̀wé méjì kọjá kí wọ́n lè wá sọ́dọ̀ mi, nítorí pé mo máa ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ ìwé owó wọn, n kò sì jẹ́ kí ojú tì wọ́n. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà. Mo rò pé ìwà lásán ni.

Ìyá Rísì aláta, tí ó ń tajà ní Kútọ̀, ni ó bá mi parí ìṣirò náà. Mo lọ ra ata fún ìyàwó mi lọ́jọ́ kan, ó rí mi, ó pariwo.

"Bọ̀ọ̀dá Báńkì! Wọ́n ní wọ́n ti dá yín dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Ta ni yóò wá máa bá mi kọ ìwé owó? Láti ọjọ́ tí ẹ ti kúrò, n kò débẹ̀ mọ́. Ọmọdé tí wọ́n fi sípò yín, bí ẹni ń lé adìyẹ ni ó ń bá mi sọ̀rọ̀."

Mo béèrè ibi tí ó wá ń fi owó rẹ̀ sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Abẹ́ ẹní ni. Owó tí ó bá sì sùn nílé mi kì í jí bá mi. Ọmọ yóò tọrọ, ẹbí yóò ránṣẹ́, n óò fi èyí tó kù ra ohun tí n kò fẹ́." Ó wọn ata mi tán, ó fi èènì sí i, ó wá wò mí lójú. "Èmi ni mo ń gbé e wá bá yín tẹ́lẹ̀. Kí ni kò jẹ́ kí ẹ̀yin máa wá gbé e lọ́dọ̀ mi?"

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ iṣẹ́ alájọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ tí owó wọn ń gba inú fóònù lọ. Oníbàárà yóò sọ iye tí agbára rẹ̀ ká lójúmọ́, bóyá 100 tàbí 200 náírà. Alájọ yóò fún un ní káàdì tí ó ní ojú 31. Bí ó bá ti ń san ni a ó máa sàmì sí ojú kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rí i san lónìí, yóò san méjì lọ́la. Nígbà tí ojú 31 bá kún, alájọ yóò kó owó ọgbọ̀n ọjọ́ fún un, yóò sì mú ti ọjọ́ kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń dá 200 náírà yóò gba 6,000 náírà, alájọ yóò sì mú 200. Kò sí èlé níbẹ̀. Ohun tí oníbàárà rà ni pé owó rẹ̀ kò ní sí nítòsí nígbà tí ọwọ́ bá ń yún un.

Èyí yàtọ̀ sí èsúsú. Nínú èsúsú, ẹgbẹ́ ni ó ń dá owó pọ̀, tí ẹnì kan yóò kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì yí kárí. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá 5,000 náírà lóṣù, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kó 50,000 náírà lẹ́ẹ̀kan láàrin oṣù mẹ́wàá. Ohun àtijọ́ ni láàrin wa. Samuel Johnson mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú sì gbé e dání kọjá òkun, débi pé "susu" ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní.

Ní ti alájọ, ta ni kò gbọ́ nípa Alájọ Ṣómólú? Aránṣọ ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Ó ti gbé ní Kamẹrúùnù, níbi tí ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ajọ, nígbà tí ó sì padà sí Èkó, ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1954. Ní 2012 ni ó tó fi ayé sílẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Títí di òní, bí a bá fẹ́ yin ọlọ́pọlọ pípé, a ó ní orí rẹ̀ pé bí orí Alájọ Ṣómólú tí ó gba ajọ ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀. Àwọn aláwàdà a tún fi kún un pé ó ta mọ́tò, ó fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo di alájọ, ó yé mi. Mọ́tò kì í wọ àárín ìsọ̀. Kẹ̀kẹ́ ń wọ̀ ọ́. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn a máa ra ohun tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, kì í ra ohun tí yóò mú kí ará àdúgbò wò ó.

Mo padà sílé, mo sọ fún ìyàwó mi. Olùkọ́ ni, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ka ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀ tán kí ó tó dá mi lóhùn.

"Bàbá Dàpọ̀, ṣé nítorí owó ni ẹ fẹ́ ṣe é ni, àbí nítorí kí ẹ má baà jókòó?"

Mo ní, "Nítorí méjèèjì ni."

Ó ní, "Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, owó náà kò gbọ́dọ̀ sun ilé yìí lọ́jọ́ kan. Bí kò bá sùn níbí, ebi wa kò ní mọ ibi tí ó wà."

Òfin tí ó fi lélẹ̀ nìyẹn, òun ni mo sì ń lò títí di òní. Kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, mo gbọ́dọ̀ ti gbé owó ọjọ́ náà lọ sí báńkì, sínú ìwé owó tí ó jẹ́ ti ajọ nìkan, tí n kò pò mọ́ tèmi.

Ìdènà tí ó tóbi jù ni pé ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ní ọdún tó ṣáájú, alájọ kan ti kó owó àwọn aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ sá lọ, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo lọ kí ìyálọ́jà, ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, ó wá ní, "A kò mọ aṣọ tí ẹ ń wọ̀ ní báńkì sí ìwà. Ẹ mú onídùúró méjì wá, kí ẹ sì fi ilé bàbá yín hàn wá." Mo mú un lọ́kàn pé ó tọ̀nà. Ó rán obìnrin méjì lọ sí agbo ilé wa ní Ìtókò, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n béèrè ẹni tí bàbá mi jẹ́ àti gbèsè tí ẹnikẹ́ni nínú wa jẹ. Orúkọ rere tí bàbá mi fi sílẹ̀, tí n kò ná kọ́bọ̀ lé lórí, ni ó dúró fún mi lọ́jọ́ náà. Mo tún fi ètò kan kún un: káàdì méjì ni mo tẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, a ó sì jọ sàmì sí méjèèjì lójú ara wa.

Ènìyàn mọ́kànlá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àròpọ̀ ohun tí wọ́n ń dá lójúmọ́ jẹ́ 1,150 náírà, nítorí náà, lẹ́yìn oṣù kan tí mo ti fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, 1,150 náírà ni owó iṣẹ́ mi. Ẹni tí ń gba 38,000 tẹ́lẹ̀! Owó tí wọ́n fi dágbére fún mi ni a ń fi jẹun, a sì pín in lóṣooṣù bí ẹni pé owó oṣù ni, 20,000 péré, kí ó lè gbé wa kọjá ọdún kan àti ààbọ̀. Mo máa ń gba Kútọ̀ kọjá lọ sí Ìtọ̀kú láàrin àwọn aláàdìrẹ. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí ó ti jẹ́ ọ̀gá mi rí mi pẹ̀lú báàgì léjìká àti eruku lẹ́sẹ̀. Ó yí ojú sí ibi aṣọ bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Mo kí i. Bí n kò bá kí i, èmi ni ìtìjú náà ì bá bá sùn.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìyá Rísì mú ẹlẹ́ja wá, ẹlẹ́ja mú oníṣu wá, oníṣu mú àwọn aláàdìrẹ mẹ́fà wá. Nígbà tí ọdún 2007 fi parí, oníbàárà 140 ni mo ní, àròpọ̀ owó wọn lójúmọ́ sì jẹ́ bí 28,000 náírà. Owó iṣẹ́ mi lóṣù náà nìyẹn pẹ̀lú. Kò tíì tó ti báńkì, ṣùgbọ́n ó ti ń sún mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ lẹ́tà sí mi pé kí n má wá lọ́la, àfi bí mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ẹ wo bí a ṣe lè fi ọwọ́ ara ẹni kọ ọ́. Ní 2008, ọmọ wa àgbà rí ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó kù ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀, a sì nílò 46,000 náírà tí kò sí nílé. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù ni. Ó lé ní 700,000 náírà tí ó wà nínú ìwé owó ajọ, lábẹ́ ìbuwọ́lùwé èmi nìkan. N kò sùn lóru náà. Mo mọ̀ pé mo lè mú un, kí n sì dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé alájọ tí ó sá lọ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò àtisá. Ó dá mi lójú pé irú alẹ́ báyìí ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀, bóyá pẹ̀lú owó ilé ẹ̀kọ́, bóyá pẹ̀lú owó oògùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi wọ gèlè rẹ̀, ó lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́, wọ́n sì yá a ní 50,000 náírà. Oṣù mẹ́wàá ni a fi san án. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ṣeré o.

Ohun tí alẹ́ náà gbà là kò hàn sí mi àfi lẹ́yìn ọdún méjìlá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2020, Ààrẹ Buhari kéde ìsémọ́lé ní Èkó, Àbújá àti Ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí àrùn kòrónà. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ògùn, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọjà lọ́jọ́ mẹ́rin tí ó wà láàrin! Oníbàárà 187 ni mo ní, gbogbo wọn ni ó sì fẹ́ owó wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè ra oúnjẹ sílé. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì náírà. Mo gbé àga kékeré kan lọ sí ìsọ̀ Ìyá Rísì, a gbé káàdì mi àti ti oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì san fún gbogbo wọn láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Ti ọjọ́ kan tí ó jẹ́ tèmi, mo ní kí wọ́n fi sọ́wọ́ títí ọjà yóò fi ṣí padà. Nígbà tí ọjà ṣí, gbogbo wọn ni ó san án àyàfi ènìyàn mẹ́rin, méjì nínú mẹ́rin náà sì ti kó kúrò nílùú.

Ọ̀ràn mìíràn tún dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, tí owó bébà sì wọ́n bí ojú. Títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún náà pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, oníbàárà ń fi tòmátì rẹ̀ jẹrà nítorí pé kò sí owó tí ènìyàn yóò fi rà á. Ọmọbìnrin mi ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń gba owó lórí fóònù, èmi náà sì kọ́ àwọn ìyá ọjà. Láti ìgbà náà, bí ìdajì àwọn oníbàárà mi ni ó ń fi fóònù dá ajọ. Síbẹ̀, wọn kò fẹ́ kí n má wá. Ìyá Rísì sọ fún mi pé, "Fóònù lè gba owó, ṣùgbọ́n kò lè bi mí pé kí ló dé tí n kò dá a lánàá."

Ẹ gbọ́, níbí ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi wà. Ní báńkì, mo máa ń ka owó ju èyí tí mò ń kà báyìí lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí ó ń lọ. Nísinsìnyí mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé káàdì mẹ́rìnlá ni ẹlẹ́ja kan fi ra ẹ̀rọ tí ó fi ń mú ẹja dì. Mo mọ aláàdìrẹ tí ó fi 200 náírà ojúmọ́ rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọmọ náà sì ti ń kọ́ni lónìí. Bí oníbàárà kò bá dá a fún ọjọ́ mẹ́rin, èmi ni n óò kọ́kọ́ mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá tàbí pé ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe òòbẹ̀ tí a fi rọ́pò àdán. Òun ni iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe lábẹ́ iṣẹ́ báńkì láti ọjọ́ pípẹ́, tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìwọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ lónìí, jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò.

Èkíní, má ṣe fi owó ìdágbére ra ohunkóhun láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Pín in bí owó oṣù, kí o sì máa jẹ díẹ̀ ju bí o ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìmọ̀ràn tí yóò wá bá ọ jẹ́ ti owó rẹ, kì í ṣe tìrẹ.

Èkejì, béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń wá ọ wá fún kí iṣẹ́ tó bọ́. Bí wọ́n bá ń pè ọ́ láti tún iná ṣe, láti bá wọn kọ lẹ́tà, láti se oúnjẹ òde, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbẹ́ kànga rẹ sí. Bí iṣẹ́ náà bá sì ṣe àjèjì sí ọ, lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, àní bí ó bá kéré sí ọ lọ́jọ́ orí.

Ẹ̀kẹta, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tí ó jẹ́ pé bí ó bá bàjẹ́, ọmọ rẹ yóò ṣì lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Má sì jẹ́ kí owó òwò àti owó ọbẹ̀ sùn nínú àpò kan.

Ẹ̀kẹrin, máa fi ọjọ́ ogbó sọ́kàn. Iṣẹ́ ara ẹni kò ní owó ìfẹ̀yìntì àfi èyí tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ tọ́jú. Ní 2019 ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ara wọn, tí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè máa dá díẹ̀díẹ̀ sí bí agbára wọn bá ṣe mọ. Mo wọ inú rẹ̀, mo sì rọ àwọn oníbàárà mi láti wọ̀ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún, má fara pamọ́. Jáde síta, kí o sì kí ènìyàn. Ẹni tí ó jókòó sínú ilé kò lè pàdé Ìyá Rísì.

N kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn di alájọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó olówó kí ó má yún un, kí ó jọ̀wọ́ wá iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé omijé ẹlẹ́fọ̀ọ́ kì í bọ́ sílẹ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé kò dun ẹni. Ó dùn mí, ó sì pẹ́ kí ó tó san. Ṣùgbọ́n lẹ́tà báńkì kò lè kọjá àga tí ó bá mi lórí rẹ̀. Kò lè gba ìṣirò lórí mi, kò lè gba sùúrù lọ́wọ́ mi, kò sì lè pa orúkọ bàbá mi rẹ́. Èyíkéyìí nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ tí ó bá kù sí ọ lọ́wọ́, ẹ̀yin ará mi, owó ìpìlẹ̀ ni. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó sọ pé ọwọ́ yín ṣófo. Ọlọ́run yóò fi ọ̀nà tí ó wọ ọjà hàn wá o.